Gbèsè Omi

Ìtàkùn aláwọ̀ mèremère tí a gbìn sínú ike ọ̀dà, tí a so kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òṣogbo Òròkí, tí ojú ewé rẹ̀ ní ìlà bíi fàdákà, tí abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò, ṣé àánú ni a ń ṣe é bí a bá ń bomi rin ín, àbí gbèsè ni a ń san? Tradescantia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ìhà Mẹ́síkò ni ilé baba rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí igbó Yèyé Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75 tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Kò sí ẹni tí ń bomi rin igi kankan níbẹ̀. Èèwọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀: a kì í pẹja, a kì í dọdẹ, a kì í gé igi. Ìtàn àwọn àgbà ni pé nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ń tẹ Òṣogbo dó, igi kan tí wọ́n gé wó lu odò, ohùn kan sì ké láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọwọ́ ni ènìyàn kọ́kọ́ fi ṣẹ Ọ̀ṣun. N kò rò pé ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé kí a ká ọwọ́ kò ni ìsìn tí ó ń béèrè. Ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí ó papòdà ní 2009, mọ sí ibẹ̀ pàápàá, bí odi ni ó rí fún igbó náà.

Ṣùgbọ́n ìtàkùn inú ike kò ní odò. Àwa ni a mú un kúrò lábẹ́ ìrì. Ẹni tí ó bá sì gbé ọmọ ọlọ́mọ wálé ti jẹ gbèsè oúnjẹ rẹ̀. Àwọn mìíràn a wá máa san án lásanjù, àárọ̀ omi, alẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ àṣejù ni baba àṣetẹ́: gbòǹgbò a jẹrà, igi rẹ̀ a sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Kí a ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbẹ dé oríkèé kan, kí a bu omi sí i. Bí ó bá tutù, kí a fà sẹ́yìn. Èèwọ̀ inú igbó tún bá wa dé ìdí ike nìyẹn. Bí òkùnkùn bá pọ̀ níbi tí ó wà, ìlà fàdákà náà a ṣá, ewé a sì jìnnà síra. Bí ọyẹ́ bá mú, etí ewé a gbẹ.

Ẹnì kan lè ní gòdògbódò, ìbátan rẹ̀, ń bẹ nínú oko Ìjẹ̀ṣà, òdòdó aláwọ̀ aró rẹ̀ a là láàárọ̀, a sì ti pa dé kí oòrùn ó tó yẹ̀rì, kò sì sí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní omi. Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ a fi ọkọ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òjò kan ṣoṣo a rọ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan a tún ta gbòǹgbò. Agbára kan náà wà lára ti ọ̀dẹ̀dẹ̀: gé oríkèé rẹ̀ sínú ife omi, kò ní pẹ́ ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n gòdògbódò ní ilẹ̀ tí ó lè rìn dé. Ibi tí etí ike mọ ni ayé ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ, àwa ni a sì pa ààlà náà fún un. Nítorí náà, ọrùn wa ni omi rẹ̀ wà.