Ṣé Òrùka Ọwọ́ Ìyá Ni A Ó Wò, Tàbí Ikùn Ọmọ?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì yanjú láti ìgbà tí a ti pín oúnjẹ níparí ọdún. Ẹ ó rántí pé orúkọ àwọn opó ni a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni a kọ ti àwọn abilékọ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ wọn. Bí a ti ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà ní kóńgò kóńgò, ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé láti àdúgbò wa níbí ní Àmùkòkò. Ó pọn ọmọ kan, ó sì fa èkejì lọ́wọ́. Kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe abilékọ. Baba àwọn ọmọ náà ti bá tirẹ̀ lọ kí ìkejì tó dáyé. A wo ìwé wa, a kò rí ibi tí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sí, a sì ní kí ó máa lọ.

Nígbà tí ó lọ tán ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní bí a bá fún un, kí ni a ó sọ fún àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ń pa ara wọn mọ́ de ọjọ́ ìgbéyàwó? Òmíràn dáhùn pé kì í ṣe ìyá náà nìkan ni ebi ń pa, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ohun tí à ń pè ní òrùka. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló nídìí.

Àwọn ìjọba pàápàá ti bá ìbéèrè yìí pàdé. Ní Kánò, láti ọdún 2012, nígbà ìṣèjọba Gómìnà Kwankwaso, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn opó àti àwọn obìnrin tí ìgbéyàwó wọn ti tú ká níyàwó fún àwọn ọkùnrin tí kò lówó. Ìjọba ló ń san owó orí, òun náà ló ń ra ẹrù ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n so tọkọtaya 1,800 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2006, ìjọba ya mílíọ̀nù 150 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń gbé pọ̀ nínú ìgbéyàwó àti bí a ti ń ṣe baba rere. Èrò wọn ni pé bí ìyá àti baba bá wà pa pọ̀, ìṣẹ́ kò ní í pọ̀ lára ọmọ.

A kò gbọ́dọ̀ fi èrò yìí ṣẹ̀sín. Àwa fúnra wa mọ̀ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọmọ tí baba rẹ̀ ń ti wọ́ọ̀fù Àpápá bọ̀ wálé lálẹ́, tí ìyá rẹ̀ sì ń tajà ní Boundary, ní ẹni méjì tí yóò béèrè bóyá ó ti jẹun. Ìgbéyàwó dára, a ó sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán irú ẹ̀kọ́ náà wò ní ibi mẹ́jọ, pẹ̀lú tọkọtaya tó lé ní 5,000 tí wọn kò tíì ṣègbéyàwó ṣùgbọ́n tí wọ́n ń retí ọmọ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà kò wà pọ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Owó lè ra bẹ́ẹ̀dì, kò lè ra sùúrù.

Ohun mìíràn tún wà tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024, Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Niger fẹ́ ná owó láti fa ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin aláìlóbìí fún ọkọ. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ obìnrin nígbà náà ta kò ó: ó ní kí a kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ orí wọn, àti bóyá àwọn fúnra wọn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kan àwa náà. Ẹni tí ebi ń pa, tí a sì so oúnjẹ mọ́ ọkọ fún, ṣé ó lè sọ pé òun kò fẹ́? Bí ìwé tiwa bá wà fún abilékọ nìkan, obìnrin tí ọkọ ń lù lálaalẹ́ yóò dúró gbọin nínú ilé yẹn nítorí kóńgò ìrẹsì kan. A ó ti sọ òrùka di ẹ̀wọ̀n láìmọ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti rí i ṣáájú. Abala kejìlélógójì nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun du ọmọ Nàìjíríà kan nítorí bí a ti ṣe bí i. Ìwé Mímọ́ sì ti rí i ṣáájú òfin. Nígbà tí Hágárì àti ọmọ rẹ̀ wà ní aginjù, tí omi tán nínú ìgò wọn, Ọlọ́run gbọ́ ohùn ọmọdékùnrin náà, ó sì fi kànga han ìyá rẹ̀. Kò kọ́kọ́ bi í ní irú ìyàwó tí ó jẹ́ nílé Ábúráhámù.

Ǹjẹ́ kò sí bí a ṣe lè ran ìgbéyàwó lọ́wọ́ ni? Ó wà. Ohun tí ń tú u ká ni kí a gbógun tì. Ní ọdún 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá bímọ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà, ó sì fún àwọn baba ní ọjọ́ mẹ́wàá, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Èyí ran ilé lọ́wọ́. Ní Ọ̀ṣun, ní ọdún 2012, wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé ìjọba, olùkọ́ kò sì béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó gba àwo. Èyí ran ọmọ lọ́wọ́. Kò sí èyí tó ba èkejì jẹ́ nínú méjèèjì.

Bákan náà ni kí tiwa rí. Ẹ̀kọ́ fún àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ìlàjà láàrin tọkọtaya, àbẹ̀wò sí àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín: ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ wa lórí ìgbéyàwó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í ṣe ẹ̀bùn fún ìwà rere. Ebi ni a pín in fún.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́ta wá. Kí ìwé wa tó ń bọ̀ máa ka iye ọmọ tó wà nínú yàrá, kì í ṣe oyè tí ìyá wọn ń jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ lọ́wọ́ obìnrin lójú àwùjọ. Kí àwọn méjì nínú wa sì lọ wá ọ̀dọ́bìnrin yẹn rí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Àwa la dá a padà. Àwa náà ló yẹ kí a kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Kí Olúwa má jẹ́ kí a fà sẹ́yìn nínú igba náà. Àmín.