Orí, Ẹsẹ̀ àti Ìjákulẹ̀ Ìbẹ̀rẹ̀ Sáà

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì bá fìdí rẹmi níbẹ̀rẹ̀ sáà lọ́wọ́ àwọn tó lágbára jù wọ́n lọ, àwọn alátìlẹ́yìn a máa bèèrè bóyá àdúrà ni kò gbà tàbí orí ni kò gbè wọ́n. Ti àdúrà kò dúró, torí ìhà méjèèjì ló gbà á. Èrò àwọn Yorùbá jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó yan orí rere lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí lọ́run, pàápàá ṣì nílò ẹsẹ̀, ìyẹn ìsapá, kí ire tó dé. Àpẹẹrẹ kan nìyí: ní ìdíje bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì 1996, Brazil kọ́kọ́ na Nàìjíríà 1-0. Nígbà tí wọ́n tún pàdé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, Nwankwo Kanu dá góòlù padà fún Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú 90, ó sì tún jẹ góòlù kẹrin wọn ní àfikún àkókò. Góòlù yẹn ló gbé Nàìjíríà dé àṣekágbá, níbi tí wọ́n ti gba wúrà.