Kí Ni Ẹ̀ka Tìrẹ Wúlò Fún?

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 12:14-26

Kí n tó wàásù, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan ní Galtimari, níhìn-ín ní Maiduguri. Ọ̀kan ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ọ̀kan ń kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko, èmi ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìṣègùn ni èmi náà fẹ́ kà, máàkì JAMB mi ni kò gbé e. Fún odidi ọdún kan, bí àwọn àgbà ìjọ bá bi mí pé kí ni mò ń kà, "sáyẹ́ǹsì" ni mo máa ń sọ, màá sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko gbé pàkúté eku wọlé nítorí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Dókítà ọ̀la wa ní, "Àwa fẹ́ gba ẹ̀mí là, ìwọ ń lé eku kiri. Kí ni tìrẹ wúlò fún?" Èmi tí ojú ẹ̀ka tèmi ń tì ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀rẹ́ wa kò fèsì. Láti ọjọ́ kejì ni kò ti bá wa ṣe àdúrà òwúrọ̀ mọ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo bá lọ kàwé nípa eku.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ibà Lassa. Ìlú Lassa wà ní ìpínlẹ̀ Borno wa yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ní ilé ìwòsàn ìjọ tó wà níbẹ̀, ṣe àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó o, òun náà kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dókítà Jeanette Troup, tó ti ń wá ìdí àìsàn náà, kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìfẹ́ wà níbẹ̀, àdúrà wà níbẹ̀, ìmọ̀ ìṣègùn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tá náà kò tíì ní orúkọ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ló rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì kú nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò mọ ibi tó ń sá pamọ́ sí. Ní ọdún 1972, ní Sierra Leone, wọ́n dẹ pàkúté, wọ́n sì bá a lára eku tó ń wọ inú ilé. Pàkúté ni o, irú èyí tí mo fi rẹ́rìn-ín!

Ọ̀rọ̀ kan kọ̀ǹpútà náà. Ní ọdún 2007, Pardis Sabeti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà yẹ jíìnì àwọn Yorùbá Ìbàdàn wò. Wọ́n rí àmì lára jíìnì kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹnu ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì Lassa ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. Ó ṣeé ṣe kí àrùn yìí ti ń bá àwọn baba ńlá wa jà tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ibà náà gbilẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2018, ẹ̀rù bani pé bóyá ó ti yí padà, tó ń ràn láti ara ènìyàn sí ènìyàn. Ilé ìwòsàn Irrua gba ẹ̀jẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Redeemer's ní Ede àti àwọn mìíràn ka àkọsílẹ̀ inú fáírọ́ọ̀sì náà, kọ̀ǹpútà fi wọ́n wé ara wọn. Ìdáhùn? Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń ti ara eku wá. Dókítà, onísáyẹ́ǹsì, oníkọ̀ǹpútà, gbogbo wọn tún padà sọ́dọ̀ eku.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àìsàn méjì ni Pọ́ọ̀lù tọ́ka sí nínú ibi tí a kà. Ní ẹsẹ 15, ẹ̀yà kan ń fojú tín-ín-rín ara rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe ẹ̀yà mìíràn. Ní ẹsẹ 21, ẹ̀yà kan ń kẹ́gàn èkejì rẹ̀. Mo rò pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Rárá o! Ẹnì kan náà ni. Nítorí pé mo kẹ́gàn ibi tí Ọlọ́run fi mí sí, mo wá ẹni tí màá gùn lórí kí n lè ga.

Mo lọ tọrọ àforíjì. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó padà síbi àdúrà. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ kì í ṣeé kó. Nísinsin yìí, èmi ni mò ń bá a to iye eku tó ń mú sórí kọ̀ǹpútà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ẹ̀ka ta ni o ń fojú rénà nínú fẹ́lóṣíìpù yín? Ta ni kò wá mọ́ nítorí ẹ̀rín rẹ? Lọ bá a lónìí. Ìwọ tí ojú sì ń tì nítorí ohun tí ò ń kà, Ẹni tó fi ọ́ síbẹ̀ kò ṣèèṣì.

Àdúrà: Baba, dárí ìgbéraga wa àti ìtìjú wa jì wá. Fi iṣẹ́ ọwọ́ wa so wá pọ̀, kí ẹ̀mí má baà ṣòfò nítorí pé a kẹ́gàn ara wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.