Àkúnlẹ̀yàn Inú Ìkòkò Ọtí

Ẹni tó bá dé ìdí ọ̀pẹ ní oko kan láàárín Òrè àti Òdìgbò ní ìdájí yóò bá adẹ́mu lókè, igbà yí i ní ìbàdí. Ẹmu tó gbé sọ̀ kalẹ̀ dùn bí omi ìrèké. Bó bá di ọ̀sán, ó ti ń hó, ìfófòó ti bo ẹnu kèrègbè. Bó bá di alẹ́, ó ti mú, ó ń ta ọ̀fun. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kan. Adẹ́mu kọ́ ló yan ọ̀kankan nínú adùn wọ̀nyí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó ṣẹ́ kù sídìí kèrègbè ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àkókò ló bá a parí rẹ̀.

Ti bíà yàtọ̀. Ẹni tó ń pọn ọ́n nílé, pàápàá irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní pale ale, á kọ́kọ́ yan hops, òdòdó ìtàkùn kan tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn dídùn. Oríṣiríṣi ló wà. East Kent Goldings ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọra ń mú òórùn oyin wá. Cascade, tí àwọn olùwádìí gbé jáde ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ní 1972, ń ta sánsán bí èèpo ọsàn gẹréépù. Òun ló sọ Sierra Nevada Pale Ale, tí wọ́n kọ́kọ́ pọn ní California ní 1980, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Citra ní tirẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bó máńgòrò tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ìwọ̀n èròjà tó ń mú bíà korò sì wà ní kíkọ sára ọ̀rá tí wọ́n ń di hops sí: ti Cascade sábà máa ń wà láàárín ìdá 4.5 sí 7 nínú 100, ti Citra láàárín 11 sí 13.

Apọntí yan, ó sì mọ ohun tó yàn. Ṣé ohun tó yàn náà ló máa rí mu?

Kò dájú. Bó bá da Cascade sínú ìkòkò nígbà tí omi ọkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó, tó sì sè é fún 60 ìṣẹ́jú, iná á yí èròjà ìkorò rẹ̀ padà, bíà á korò, ṣùgbọ́n epo olóòórùn inú òdòdó náà á bá ooru lọ. Bó bá ní sùúrù títí iná fi fẹ́ẹ̀ kú kó tó dà á sí i, òórùn ọsàn á kún inú ife, ìkorò á sì kéré. Òdòdó kan náà, ìkòkò kan náà, ọtí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bíà ti wọ ọ̀rọ̀ orí. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá gbà ń sọ bí ìpín ṣe ń di ti ẹ̀dá: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà, àyànmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ tí apọntí ra hops ni ọtí rẹ̀ ti dùn tàbí ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Ifá kò parí rẹ̀ síbẹ̀. Ó sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ́ẹ̀kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá, wọ́n dá orí he. Òjò rọ̀ sí wọn lọ́nà ayé, orí náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ti dífá, ó ti rúbọ, ó gbé iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fi iyọ̀ sí i fún un. Ọbẹ̀ náà dùn débi pé oníbodè fi ọgbọ́n tí yóò fi rí Àjàlá hàn án. Afùwàpẹ́ san gbèsè Àjàlá, Àjàlá sì bá a yan orí tó gbó dáadáa nínú iná.

Ẹnìkan lè ní àfiwé yìí kò dọ́gba: apọntí ka ohun tó wà lára ọ̀rá, Oríṣẹ́ẹ̀kú kò rí nǹkan kan kà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú Afùwàpẹ́ náà kò ju ti àwọn yòókù lọ. Iyọ̀ tó fi sí ọbẹ̀ ẹlòmíràn àti gbèsè tó san ló yà á sọ́tọ̀. Wándé Abímbọ́lá, tó ti fi ọjọ́ pípẹ́ ṣàkójọ ẹsẹ Ifá, tẹnu mọ́ ọn pé orí nìkan kò tó: ẹsẹ̀ tó ń gbé orí rìn wà níbẹ̀. Ohun tó wà lára ọ̀rá hops dà bí orí. Ìgbà tí a dà á sínú iná, ẹsẹ̀ ni.

Mùsùlùmí Òrè tí kò ní fẹnu kan ẹmu láéláé mọ ìbéèrè ìpín yìí, kàdárà ló ń pè é, orúkọ tó ti èdè Lárúbáwá wá. Onígbàgbọ́ tó kọ ọtí sílẹ̀ náà ń bi ara rẹ̀ léèrè bí Ọlọ́run bá ti kọ ìpín ẹni tán, kí ni àdúrà ń ṣe?

Ìkorò tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Hildegard ti Bingen, obìnrin olùfọkànsìn ilẹ̀ Jámánì ní ọ̀rúndún kejìlá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé hops ń mú ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì, àmọ́ ìkorò rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun mímu tètè bàjẹ́. Yorùbá ti ní irú ìmọ̀ yẹn lórí àtẹ ìsọmọlórúkọ. Orógbó korò, òun ni wọ́n sì fi ń wúre kí ọmọ gbó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ọkà báálì ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti mú hù, èyí tí wọ́n fi ń pọn bíà, dúró ní 1988, àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́tí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn onímọ̀ kan sì ti ń wá ohun tó lè rọ́pò hops. Ní 1990, àwọn olùwádìí méjì, Aniche àti Uwakwe, tẹ ìwádìí jáde lórí bíà tí wọ́n fi orógbó pọn. Àwọn tó tọ́ ọ wò gbà á bí wọ́n ṣe gba ti hops, ìkorò rẹ̀ nìkan ló fi yàtọ̀. Oje orógbó náà tún dí kòkòrò tó ń ba bíà jẹ́ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bíi ti hops. Ohun tí a fi ń wúre kí ọmọ gbó lè mú bíà náà pẹ́.

Hops ń fẹ́ ojúmọmọ gígùn ti ilẹ̀ olótùútù. Ọ̀sán ní Òrè kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 lọ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Orógbó ní tirẹ̀ kò ṣòro rí lọ́jà. Kí ẹni tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Òdìgbò pín in sí ìkòkò méjì: kó gún orógbó sí ọ̀kan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó, kó sì gún ìwọ̀n kan náà sí èkejì nígbà tí iná bá ń kú lọ. Lẹ́yìn náà, kó pe ẹni tí kì í pọ́nni tó wá tọ́ méjèèjì wò.