Oúnjẹ Àárọ̀: Gbèsè Ni Tàbí Ẹ̀bùn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikùn lásán ní ọ̀dọ̀ Yorùbá; ó kan ìwà, ó kan ẹ̀tọ́, ó sì kan ojúṣe ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí oúnjẹ àárọ̀ fi ń gbóná ní Èkó ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Bí a bá lọ síbi ìgbéyàwó, a ó gbọ́ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún ìyàwó tuntun pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkọ àti ọmọ rẹ̀ máa jẹun ní ìta. Wọ́n ní ìyá tí ó ń fi owó lé ọmọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ pé kí ó lọ ra àkàrà ti fi ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rere ni èyí tí ó jí ní kùtùkùtù, tí ó dáná, tí ó sì gbé oúnjẹ gbígbóná kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n a sì fi kún un pé bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ti ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀rọ kan tí ó wọ ilé ìdáná àwọn tọkọtaya òde òní ti dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ wọ́fù ni. Wọ́fù jẹ́ àkàrà òyìnbó tí a ń fi ìyẹ̀fun, ẹyin, mílíìkì, bọ́tà àti ṣúgà pò, tí a ń dà sí àárín irin gbígbóná méjì tí a pa dé mọ́ra. Irin náà ní àpá lára, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá ṣí i, àkàrà náà yóò ti ní ihò onígun mẹ́rin lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí oyin lè dúró sí. Àwọn ará Bẹ́líjíọ̀mù àti Nẹ́dálándì ti fi ṣe àṣà tipẹ́tipẹ́, kí ó tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àárọ̀ ìdílé. Ní àwọn ilé kan ní Èkó, òun ni wọ́n fi ń dá ọmọ lọ́lá ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n a sì máa yangàn pé ọwọ́ ara àwọn ni àwọn fi ṣe é.

Bí a bá wò ó dáadáa, wọ́fù kò jìnnà sí àkàrà tiwa. Ẹni tí yóò dín àkàrà yóò rẹ ẹ̀wà, yóò bó èèpo rẹ̀ dànù, yóò lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, yóò wá lù ú nínú odó tàbí nínú abọ́ títí yóò fi fúyẹ́. Ìgbẹ̀yìn ni ó ń fi iyọ̀ sí i, kí ó má baà ṣomi. Afẹ́fẹ́ tí apá ènìyàn lù wọ inú ẹ̀wà ni ó ń mú kí àkàrà wú. Ẹyin tí a lù tàbí ìwúkàrà ni ó ń mú kí wọ́fù wú. Kódà, ọ̀rọ̀ náà ìwúkàrà gbé àkàrà sínú, bẹ́ẹ̀ ni ìṣù àkàrà ni Bíbélì Yorùbá pe búrẹ́dì. Nítorí náà, kì í ṣe ìjà láàrin oúnjẹ ilé wa àti oúnjẹ òyìnbó ni ó wà nílẹ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ìbéèrè yìí: ǹjẹ́ òbí jẹ ọmọ rẹ̀ ní gbèsè oúnjẹ tí a fi ọwọ́ ara ẹni sè nínú ilé ara ẹni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rí ìtàn wò, nítorí orí rẹ̀ ni àwọn tí ó ń bá àwọn ìyá wí gbé ẹjọ́ wọn kà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àwọn agboolé tí ó yí Ìga Ìdúngànrán ká, láti Ìdúmọ̀tà títí dé Èbúté Èrò, rírà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra oúnjẹ àárọ̀. Ẹlẹ́kọ yóò kiri kọjá. Alákàrà yóò ti gbé agbada epo kaná ní ẹnu ọ̀nà agboolé ní ìdájí. Ọmọ yóò sì gbé abọ́ lọ bá a. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ni ó fà á. Ògì tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ gba ọjọ́ púpọ̀: a óò rẹ àgbàdo, a óò lọ̀ ọ́, a óò sẹ́ ẹ, a óò sì jẹ́ kí ó kan. Ẹ̀wà àkàrà náà ní iṣẹ́ òru tirẹ̀. Owó ni igi ìdáná ní erékùṣù tí kò ní igbó. Àwọn ìyá náà gan-an sì jẹ́ oníṣòwò tí ó gbọ́dọ̀ dé ọjà kí oòrùn tó mú. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà pé kí iná obìnrin kan bọ́ ogún yàrá, ju kí ogún obìnrin máa dá ogún iná lọ.

Àkàrà tú sépo níhìn-ín. Iṣẹ́ tí a ní àwọn ìyá wa àtijọ́ ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò ṣe é. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n fi ọmọ wọn sílẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí ni pé alákàrà kì í ṣe àjèjì. Ó lè jẹ́ àǹtí ọmọ náà, ó lè jẹ́ aládùúgbò tí ó bá ìyá rẹ̀ dé ibi ìkómọ rẹ̀. Ó mọ ọmọ tí kò gbọdọ̀ jẹ ata, ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ rin ìrìn àjò, ó sì mọ ilé tí owó kò tíì wọlé. Ó ń tà láwìn. Bí ó bá sì ka iye àkàrà tí a rà tán, ó ń mú ọ̀kan lé e gẹ́gẹ́ bí èènì. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èènì yìí. Owó ni ó mú ọmọ wá, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé lọ ju ohun tí owó rà lọ. Inú káràkátà gan-an ni ẹ̀bùn ti ń yọjú.

Kí ni ó wá yí ọ̀rọ̀ padà? Àwọn kan yóò ní búrẹ́dì ni. Lóòótọ́, àwọn Sàró tí ó ti Sàró dé àti àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì àti Kúbà padà mú àṣà jíjókòó yí tábìlì ká wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1921, Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní réluwéè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èbúté Mẹ́tà, búrẹ́dì sì di oúnjẹ mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ríra ni búrẹ́dì náà. Kò lé alákàrà kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ó kàn wá jókòó tì í ni.

Ohun tí ó mi agboolé tìtì ni wíwó ilé. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku tàn kálẹ̀ ní Èkó láti 1924, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùgbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wádìí bí nǹkan ti rí fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹbí ti túká, àwọn obìnrin oníṣòwò sì ti pàdánù oníbàárà wọn.

Ẹ fojú inú wo òwúrọ̀ kan ní irú ilé tuntun bẹ́ẹ̀. Kò sí iná ní ẹnu ọ̀nà, kò sí ìyá àgbà ní yàrá kejì, kò sí ẹni tí ọmọ lè gbé abọ́ lọ bá. Ìyá ni ó kù, òun àti sítóòfù rẹ̀. Sùúrùlérè nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ibikíbi tí ìdílé bá ti kúrò ní agboolé bọ́ sí fúláàtì, bákan náà ni. Ẹrù tí gbogbo agboolé ń jọ rù ni a gbé lé orí ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ó yá, a pe ẹrù náà ní ojúṣe ìyá; nígbà tí ó tún yá, a pe ojúṣe náà ní àṣà àbáláyé.

Ẹnì kan lè sọ pé, ó dáa, ṣùgbọ́n alákàrà òde òní kì í ṣe ti Ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́. Ta ni ó mọ iye ìgbà tí ó ti fi epo kan náà dín àkàrà? Ta ni ó mọ omi tí ó fi fọ ẹ̀wà? Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó fi múlẹ̀. Kò fi múlẹ̀ pé oúnjẹ ríra burú. Ohun tí ó fi múlẹ̀ ni pé ó yẹ kí òbí mọ ọwọ́ tí ó ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Mímọ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun tí a ń jogún. Ènìyàn lè dúró ti agbada alákàrà kan kí ó wo epo rẹ̀, kí ó kí i, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀, kí ó sì di oníbàárà rẹ̀. Bí a bá wá alákàrà tí a lè fọkàn tán títí tí a kò rí i, kí a sè é nílé. Ìlera ọmọ ni a ṣe é fún nígbà náà, kì í ṣe kí a lè fi ṣẹ̀sín ẹni tí kò rí àyè ṣe é.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá rí ẹni tí ó ń sè, kò ní mọ̀ ọ́n sè. Bí gbogbo ilé bá ń rà, láìpẹ́ a kò ní rí ẹni tí yóò tà. Láti dáhùn, ẹ jẹ́ kí a sọdá òkun lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà Èkó ti wá. Àwọn obìnrin Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ mú ìmọ̀ àkàrà dání. Ojú títì ni wọ́n ti ń tà á. Wọ́n ń san nínú owó rẹ̀ fún olówó wọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì fi ohun tí ó ṣẹ́ kù ra ara wọn padà. Títí di òní, acarajé ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí a ti ń gbọ́ àkàrà àti jẹ. Oúnjẹ Ọya ni ó sì jẹ́ ní ojúbọ. Ní 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè wọn. A rí i níhìn-ín pé ìta pàápàá lè pa ìmọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà fún àwọn alátakò ní ìdajì: ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ fi han àwọn obìnrin náà, ọmọ wọn sì dúró tì wọ́n níbi agbada. Ohun tí ó ń kọ́ ọmọ ni dídúró ti iná, ì báà jẹ́ iná ilé tàbí iná ìta. Nítorí náà, bí wọ́fù yóò bá wúlò nínú ilé, ọmọ ni kí ó lu ẹyin, kí ó po ìyẹ̀fun, kí ó sì gbọ́ bí irin ti ń dún. Bí a bá kàn gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kò yàtọ̀ sí èyí tí a rà.

Níbi tí a dé yìí, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Gbèsè ni kí ọmọ yó. Gbèsè ni kí oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Gbèsè ni kí ẹnì kan wà tí yóò mọ̀ bí kò bá jẹun. Bàbá àti ìyá ni ó jọ jẹ gbèsè yìí, wọ́n sì lè fi owó san án tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ san án. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ènìyàn fi dúró ti iná kí inú àwọn ará ilé lè dùn, ẹ̀bùn ni. A kì í fi túláàsì gba ẹ̀bùn. Èyí tí a bá fi túláàsì gbà ti di ìṣákọ́lẹ̀. Ìyá tí ó kúrò ní ilé ní aago márùn-ún òwúrọ̀ kí ó lè gba orí Afárá Third Mainland dé ibi iṣẹ́ ní Erékùṣù, tí ó sì ra àkàrà fún ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀, ti san ìpín tirẹ̀ nínú gbèsè náà pé. Bí ọkọ tàbí àna bá tún fẹ́ wọ́fù lẹ́yìn èyí, ìyẹ̀fun wà nínú àpò, ọwọ́ àwọn náà sì lè po ó.

Ẹ̀bùn tún ní ìwà kan: kì í fẹ́ jókòó sí ojú kan. Ní Gúdì Fúráìdè, àwọn ìdílé Àgùdà ní agbègbè Campos ń se fùréjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, wọ́n sì ń bù ú ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Bí àgbàlagbà bá sì kú, àkàrà ni ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ń dín pín fún àwọn ará àdúgbò. Oúnjẹ ilé ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn. Oúnjẹ ilé tí a ń fi hàn pé a sàn ju aládùúgbò lọ kì í ṣe ọmọ ìyá wọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2016 tí ìjọba dá a dúró, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù ní Èkó jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì láti aago méje títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìkànnípá ni, kò sì wu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a bá ti gbálẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń jẹ àkàrà àti ògì pọ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ. Ó yẹ kí èyí kọ́ wa pé ìfẹ́ kọ́ ni ó wọ́n nínú ilé wa, bí kò ṣe àkókò. Àwọn tí ó ń kédùn pé oúnjẹ àárọ̀ ilé ti parẹ́ ìbá kúkú béèrè ibi tí wákàtí àwọn ìyá wọ̀nyí ń lọ, kí wọ́n sì bá wọn gba díẹ̀ padà. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Kò sì dùn bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kò sùn nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ wọ́fù ilé ní Sátidé, kí ó jí ní àkókò tí ẹni tí yóò ṣe é ń jí.