Ọwọ́ Ìkẹyìn Lára Mábù

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kò síbi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó ara ère tí a gbẹ́ sójú òkúta pẹlẹbẹ, èyí tí kò dá dúró, tó kàn yọ síta díẹ̀ bíi ti ara ilẹ̀kùn ààfin. Àwọn ẹlẹ́ṣin ara Parthenon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì, tí àwọn agbẹ́kùúta Yúróòpù fi ṣe àwòkọ́ṣe, wà lára òkúta tó ga tó mítà kan, wọn kò sì yọ ju nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà lọ. Láàárín ìwọ̀nba yẹn ni ẹṣin ti ń sáré tí aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe é: ó gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó kọlu etí aṣọ, òjìji bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wá fi sáńpépà ha etí yẹn títí ó fi ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹṣin ló pa.

Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ba iṣẹ́ jẹ́, pé rọ́bọ́ọ̀tì ló ń gbẹ́ mábù ní Carrara, ní Ítálì, báyìí. N ò gbà. Canova, ọ̀gá agbẹ́kùúta ayé àtijọ́ ní Róòmù, amọ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ. Wọ́n á fi pílásítà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní P.O.P., da irú rẹ̀, wọ́n á kan ìṣó ìwọ̀n sí i lára, àwọn ọmọṣẹ́ á sì gbẹ́ mábù tẹ̀ lé e. Thorvaldsen, agbẹ́kùúta ọmọ Denmark, náà kó ọmọṣẹ́ jọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n awọ ìkẹyìn lára òkúta, Canova fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kúrò, lálẹ́, pẹ̀lú iná àbẹ́là, torí iná ẹ̀gbẹ́ a máa tú àṣírí ohun tí ọ̀sán bò mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ agbẹ́kùúta òde òní kì í ṣe mọ́. Dídán ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ìfẹ́ dídán yìí, pẹ̀lú ìfẹ́ funfun tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1764, Winckelmann, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ọmọ Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ara bá ṣe funfun tó ni yóò ṣe lẹ́wà tó. Bẹ́ẹ̀ àwọn Gíríìkì kun ère tiwọn lọ́dà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Winckelmann ni ayé gbà gbọ́. Ní 1937 sí 1938, wọ́n fi irinṣẹ́ bàbà ha àwọn ère Parthenon ní British Museum kí wọ́n lè funfun. Ẹnìkan lè ní ṣé ká fi ìdọ̀tí sílẹ̀ ni? Rárá, omi ń fọ ìdọ̀tí. Ohun tí bàbà ha kúrò ju èérí lọ: awọ àtayébáyé òkúta náà wà níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, Canova tí a ní ó jẹ́ ọ̀gá, nígbà tí Lord Elgin, ẹni tó kó àwọn ère náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀ ẹ́ pé kó tún wọn ṣe, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èèwọ̀ ni kí òun tàbí ẹlòmíràn fi irin kàn wọ́n.