Ẹrù Ta Ni Ó Wà Nínú Bàálù?

Orúkọ àdúgbò wa, Albarika, kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá: alùbáríkà ni, ìbùkún. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò láti ibí, àdúrà la fi ń sìn ín dé ìdí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Cotonou, níbi tí yóò ti wọ bàálù. A kì í sì í sìn ín lọ́wọ́ òfo. Gàrí ni, wàgàsì ni, ọṣẹ dúdú ni. Ìyá kan ní àdúgbò fi ìgò omi Javel kan kún un, nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ Faransé ti ráhùn pé ti ọ̀hún kò lágbára. Ó fi ọ̀rá méjì wé e, ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín aṣọ, ó sì ní kí arìnrìn-àjò náà má sọ fún ẹnikẹ́ni. (Abúlé kan lẹ́bàá Paris ni Javel tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni omi náà ti gba orúkọ. Ìyá wa fẹ́ fi omi ránṣẹ́ sí odò.)

Ṣé ìyá yìí ṣẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní rárá: ohun tí a fi ń fọ balùwẹ̀ lójoojúmọ́, kí ló lè ṣe? Ṣùgbọ́n nínú ilé, àwa la mọ ibi tí ìgò wà àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ikùn bàálù, ẹrù ẹlẹ́rù ló sùn tì í. Bí bàálù ti ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú ìgò a máa ràn, ìdérí a sì lè jò. Bí Javel bá pàdé ásíìdì tó jò láti inú báàgì ẹlòmíràn, gáàsì chlorine tí ń fún èémí mọ́ni nínú ni wọn yóò jùmọ̀ bí. Àwọn ẹlẹ́rù méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Kò sí èyí tó gbèrò ibi nínú wọn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1988, hydrogen peroxide àti èròjà ìtọ́jú aṣọ tí ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ kò sọ bí wọ́n ti jẹ́, jò pọ̀ nínú bàálù American Airlines kan tó ń lọ sí Nashville. Iná ràn nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn èrò fẹsẹ̀ tẹ̀ gbóná, ó sì ń rọ̀. Gbogbo ènìyàn 126 tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè. Ní 1973, bàálù ẹrù Pan Am kan tó gbé ásíìdì já ní Boston. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kú.

Òfin ìrìnnà òfuurufú kò gba Javel nínú ẹrù èrò rárá, ì báà ṣe èyí tí a gbé lọ́wọ́ tàbí èyí tí a fi sísàlẹ̀. A gbà pé ìkìlọ̀ tí a kọ ní Faransé kò dé ọ̀dọ̀ ìyá tó gbọ́ Yorùbá àti Dendi nìkan, ẹ̀sùn náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kó wé e, kó sì ní kí wọ́n má sọ? Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ti mọ̀ ju bí ó ti ń sọ lọ. Lójú tiwa, inú ọ̀rọ̀ “má sọ” yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, kì í ṣe inú ìgò. Wọ́n á bi arìnrìn-àjò pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù. Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó jókòó tì í yóò sì máa ru ewu tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ rù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, arìnrìn-àjò náà dá ìgò padà. Inú bí ìyá náà. Ó ní ṣé òun ni yóò wá kọ́ ọmọ òun ní ìmọ́tótó ni.